Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, kí ló dé tí wọn kì í pe orúkọ súpáfáísọ̀?

Bí ẹ bá ti dé ibi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege yunifásítì rí, ẹ óò mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n máa ń pè níbẹ̀ pọ̀. Wọ́n á pe akẹ́kọ̀ọ́ tó gbégbá orókè, wọ́n á pe àwọn tó gba first class, wọ́n á pe olówó tó kọ́ gbọ̀ngàn fún wọn, wọ́n á pe ọba tàbí olóṣèlú tí wọ́n fẹ́ fi oyè dókítà dá lọ́lá. Tó bá wá kan àwọn tó gba PhD, wọ́n á tò, wọ́n á gun orí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bọ ọ̀gá àgbà lọ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàárín àwọn olùkọ́ tó wọ aṣọ ńlá jókòó sẹ́yìn, tó ti ka ìwé tí wọ́n torí ẹ̀ fún ẹni yẹn lóyè nígbà mẹ́rin, márùn-ún, tó tún un ṣe, tó bá a wá owó kẹ́míkà, tó bá a bẹ àwọn tó ń dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ dúró lọ́fíìsì. Bóyá ẹ máa rí orúkọ tiẹ̀ nínú ìwé ètò ọjọ́ náà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Àtẹ́wọ́ kò kàn án.

Ẹni yẹn là ń pè ní súpáfáísọ̀. Èrò tèmi ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní yunifásítì Nàìjíríà, tiẹ̀ ni wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ kéré jù, a sì ti ń jìyà ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kọjá digirí àkọ́kọ́, ẹ má rò pé súpáfáísọ̀ project tí ẹ̀ ń sáré lé kiri ní 400 level ni mò ń sọ. Ìyẹn kéré sí i. Nídìí PhD, kò sí tíṣà tó máa wá kọ nǹkan sójú pátákó fún yín. Ìwọ àti ẹnì kan ni, nígbà míì ẹni méjì, fún ọdún 3 ó kéré tán, ọ̀pọ̀ ló sì ń lo 6 tàbí 7. Òun ló máa sọ pé ìbéèrè tí o fẹ́ wádìí nítumọ̀ tàbí kò nítumọ̀. Òun ló máa buwọ́ lu ìwé náà kó tó lè dé iwájú àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Òun náà ló máa kọ lẹ́tà fún ọ nígbà tí o bá ń wá iṣẹ́ tàbí tí o fẹ́ jápa. Tó bá rìnrìn àjò, iṣẹ́ dúró. Tó bá bínú sí ọ, iṣẹ́ dúró. Àwọn ará Jámánì tiẹ̀ ní orúkọ fún un, Doktorvater ni wọ́n ń pè é, ìyẹn bàbá tó bí ọ ní dókítà. Tó bá jẹ́ obìnrin, Doktormutter. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? "Ọ̀gá mi" ni, àwọn míì á sì sọ ọ́ di "daddy" tàbí "mummy" pátápátá. Orúkọ yẹn dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní ewu tiẹ̀. Bàbá ló ń tọ́ ọmọ sọ́nà lóòótọ́, bàbá yìí náà ló sì lè ní kí ọmọ wá fọ mọ́tò òun láàárọ̀ Sátidé, ọmọ ò sì ní lè sọ pé rárá.

Tí mo bá ní kí ẹ sọ ìròyìn kan tí ẹ rántí nípa olùkọ́ yunifásítì àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, mo mọ ibi tí ọkàn yín máa lọ. Ní 2018, OAU lé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ máàkì àti ìbálòpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ 100 level o, másítà ló ń ṣe. Kí ọdún yẹn tó parí, ilé ẹjọ́ ti sọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà sẹ́wọ̀n ọdún 2. Ní oṣù Kẹwàá 2019, BBC Africa Eye gbé fídíò Sex for Grades jáde, Unilag àti University of Ghana ló kàn, gbogbo wa la sì wò ó lórí fóònù. Ó dáa bí gbogbo ẹ̀ ṣe jáde. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: ẹni tó ṣe burúkú ní àkọsílẹ̀ ní ilé ẹjọ́, ní Google, ní YouTube. Ẹni tó fi 20 ọdún tọ́ ọmọ ọlọ́mọ dé orí pèpéle láì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, láì gba kọ́bọ̀, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kí ni ọ̀dọ́ olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ máa wá fi ṣe àwòkọ́ṣe?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò gbìyànjú díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ yìí. Wọ́n ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Mathematics Genealogy Project. Tí ẹ bá tẹ orúkọ onímọ̀ ìṣirò kan síbẹ̀, ó máa sọ ẹni tó ṣe súpáfáísọ̀ rẹ̀ fún yín, àti ẹni tó ṣe súpáfáísọ̀ súpáfáísọ̀ náà, títí lọ sẹ́yìn. Àbí kí ni ìyẹn bí kò bá ṣe oríkì ìdílé? James Ezeilo, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní bàbá ìmọ̀ ìṣirò òde òní ní Nàìjíríà, gba PhD rẹ̀ ní Cambridge ní 1959, ọwọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Cartwright ló sì ti jáde. Ó padà wá sílé, ó kọ́ àwọn èèyàn ní Ibadan àti Nsukka, àwọn yẹn náà kọ́ ẹlòmíì. Ọmọ Yorùbá kì í ki èèyàn kó má dárúkọ ẹni tó bí i. Nídìí ẹ̀kọ́ ìwé nìkan la ti ń kí ọmọ, tí a gbójú fo bàbá àti ìyá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí yunifásítì wa ṣe ń ka iṣẹ́ súpáfáísọ̀ báyìí. Tí olùkọ́ bá fẹ́ ìgbéga, àpilẹ̀kọ tó ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà ni wọ́n á kọ́kọ́ kà. Iye ọmọ PhD tó ti mú jáde náà lè wọ inú ìṣirò, ṣùgbọ́n iye ni, kì í ṣe bó ṣe mú wọn jáde. Ẹ lọ síbi inaugural lecture kan, ẹ óò gbọ́ nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní òun ti bí PhD 12. Gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa nawọ́ sókè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó ló wọlé?" Tó bá jẹ́ pé 13 ló wọlé tí 12 jáde, iṣẹ́ takuntakun nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé 30 ló wọlé ńkọ́? Níbo ni àwọn 18 tó kù wà? Ṣé owó ló tán lọ́wọ́ wọn ni, ṣé wọ́n rí ọ̀nà lọ sí Canada ni, àbí inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ni iṣẹ́ wọn kú sí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló máa sọ fún wa bóyá súpáfáísọ̀ dára, òun gan-an ni wọn kì í kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá ẹgbẹ́ ASUU ṣe ní 2009, àwọn àjẹmọ́nú kan wà tí wọ́n ń pè ní Earned Academic Allowances, owó àbójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD sì wà lára ẹ̀. Gbèsè àjẹmọ́nú yìí wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì 2020 àti 2022. Owó tí kì í tètè dé ni. Ìgbà tó bá sì dé pàápàá, orí iye akẹ́kọ̀ọ́ ló dá lé. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àti ẹni tó gbàgbé ẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò, bákan náà ni lójú owó.

Àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ní ètò àmì ẹ̀yẹ kan fún ìwé ìwádìí PhD tó dára jù. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ ló sì ni ògo. Ìwé tó dára lè jáde lábẹ́ súpáfáísọ̀ tí kò wúlò, akẹ́kọ̀ọ́ tó lórí pípé á kàn forí tì í ni.

Kí wá ni iṣẹ́ súpáfáísọ̀ tó dára? Màá sọ èyí tí ojú mi rí. Mo ṣe másítà mi lábẹ́ ìyá kan tí mi ò ní dárúkọ, torí inú wọn ò ní dùn sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún mi ní pépà ojú ewé kan. Ohun tí àwọn máa ṣe wà ní apá kan, ohun tí èmi máa ṣe wà ní apá kejì. Tí mo bá fi orí kan nínú ìwé mi ránṣẹ́, ó máa padà sọ́wọ́ mi láàárín ọjọ́ 14. Tí kò bá padà, mo láǹfààní láti pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mi ò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú "ẹ má bínú mà". Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo pè wọ́n.

Ní oṣù kẹta, wọ́n sọ fún mi pé ìbéèrè tí mò ń wádìí ò lè débì kankan, pé kí n wá òmíràn. Ó dùn mí gan-an, mi ò purọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá yé mi pé oore ni. Súpáfáísọ̀ tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn òun á ní "ó dáa, máa bá a lọ" fún ọdún méjì, ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú àwọn tó ń yẹ̀wé wò ni òkò máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Nígbà tí mo kọ àpilẹ̀kọ kan jáde látinú iṣẹ́ náà, mo fi orúkọ wọn síwájú tèmi bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Wọ́n yọ ọ́ padà sẹ́yìn. "Kí ni mo ṣe níbẹ̀ tí mo fi máa ṣíwájú?" Lẹ́tà tí wọ́n ti kọ fún mi láti fi wá àǹfààní kiri lé ní mẹ́jọ, kò sí èyí tó pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ.

Ẹnì kan á ní, nígbà ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2022, wọn ò ka ohunkóhun fún mi. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn. Mi ò bínú, wọ́n ti sọ fún gbogbo wa lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a lè dá ṣe fúnra wa títí tó máa fi parí. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ASUU dá a dúró, mi ò tíì jí dáadáa tí voice note wọn fi wọlé lórí WhatsApp: ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ti kọ wá, Ọjọ́ Ajé la bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ò rí irú ìyá bẹ́ẹ̀. Yunifásítì míì ló wà, PhD ló ń ṣe. Orí kẹta ìwé rẹ̀ lo oṣù 11 lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gba sabbatical lọ síbòmíì, wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi fún ẹlòmíì, ẹni yẹn ní òun ò fẹ́ràn àkòrí náà, kó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ o. Ó ti wà ní ilé iṣẹ́ fintech kan ní Yaba báyìí, ó ń bá wọn tú dátà, owó tó ń gbà ju tèmi lọ dáadáa. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Yunifásítì yẹn ni kí ẹ ṣàánú, torí olóye èèyàn tó yẹ kó di súpáfáísọ̀ àwọn ọmọ míì ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ yẹn, kò sì sí ibì kan nínú fáìlì wọn tí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí.

Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé àwọn olùkọ́ lórí. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2022, ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó, oṣù Kẹwàá 2023 ni Ààrẹ Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san oṣù 4 níbẹ̀. Náírà tí wọ́n tú sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà ní oṣù Kẹfà 2023 ti gbé owó kẹ́míkà àti ohun èlò láàbù kúrò níbi tí ọwọ́ lè tó. Àwọn tó bá wọn jókòó ní ọ́fíìsì ti jápa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyẹn fi sílẹ̀ sì ti di ẹrù tiwọn. Ìdí gan-an nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ṣì ń dá orí ìwé padà lọ́jọ́ 14 nínú gbogbo èyí ti ṣe ju ojúṣe lọ.

Àwọn ibòmíì ti rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UK Council for Graduate Education bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2019 tí súpáfáísọ̀ á ti ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ti ń fún àwọn tó ń tọ́ ọ̀dọ́ onímọ̀ sọ́nà ní àmì ẹ̀yẹ láti 2005. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni náà nígbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́rìí sí i, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Nítòsí wa níbí náà, àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà kan para pọ̀ dá CARTA sílẹ̀ ní 2008, UI àti OAU wà níbẹ̀, wọ́n sì ń dá súpáfáísọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, kò sí pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àmì ẹ̀yẹ, ní Nàìjíríà! Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ á gbé páálí dídán fún gómìnà, fún kọmíṣọ́nnà, fún ẹni tó bá ti lè ra tábìlì kan níwájú. Ní 2012, àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì pàdé ní Keffi, wọ́n fẹnu kò pé àwọn ò ní máa fi oyè dá olóṣèlú tó wà lórí àléfà lọ́lá mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ máa ń ka ìròyìn, ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Ewu tó tóbi jù ìyẹn tiẹ̀ tún wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá, tí ọ̀gá wá ní, "Ọmọ mi, bá mi kọ lẹ́tà kékeré kan pé mo dára," ṣé ẹ rò pé ó máa ní kò sáyè?

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá. Àwọn tó ti jáde, tí wọ́n ti lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta níta, tí ọ̀gá ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan mọ́, àwọn ni kí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, kí orúkọ wọn sì wà ní ìkọ̀kọ̀. Kí wọ́n wá àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà náà, torí àwọn yẹn ló ní òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́. Kí wọ́n gbé iye tó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó jáde, àti iye ọdún tí wọ́n lò. Tí wọ́n bá wá rí ẹni tó tọ́ sí i, kí wọ́n fi páálí sílẹ̀, kí wọ́n fún láàbù rẹ̀ tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lówó ìwádìí. Tí ẹ bá tiẹ̀ ní kí n mú ẹyọ kan, màá ní kí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ pátá, kí wọ́n fi ẹ̀rí yìí sínú ìgbéga. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá mọ̀ pé ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n bí àpilẹ̀kọ inú jọ́nà ṣe lè ṣe é, dúrọ́ọ̀ púpọ̀ máa ṣí.

Olùkọ́ kan tí mo sọ gbogbo èyí fún rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Àbúrò, ẹ san owó mi fún mi, kí ẹ gbé àmì ẹ̀yẹ yín dání." Mi ò lè bá a jiyàn lórí owó, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo bi í pé ta ló ṣe súpáfáísọ̀ tiẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó fi bí ìṣẹ́jú 20 sọ̀rọ̀ nípa bàbá kan tó ti kú, tó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí hóòsítẹ́ẹ̀lì wọn láti wá dá orí ìwé padà. Mo ní ṣé yunifásítì yẹn mọ̀ pé bàbá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló fẹ́ sọ fún wọn?

Kí wọ́n tó ṣètò kankan, ẹ̀yin tí ẹ ti jáde lè sọ fún wọn. Lẹ́tà ojú ewé kan sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ másítà àti PhD ní yunifásítì yín, pẹ̀lú ohun pàtó tí súpáfáísọ̀ yín ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, bó ṣe ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí òun fúnra ẹ̀. Fáìlì ló ń sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí nǹkan wà nínú tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé lágbájá ló máa ṣe súpáfáísọ̀ yín, ẹ má wo iye àpilẹ̀kọ tó ní lórí Google Scholar nìkan. Ẹ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ẹ bi wọ́n pé ẹ̀yin mélòó lẹ jọ bẹ̀rẹ̀, mélòó ló parí. Ọjọ́ mélòó ni orí ìwé kan máa ń lò lọ́wọ́ ẹ̀. Orúkọ ta ló ṣíwájú lórí àpilẹ̀kọ yín. Tí wọ́n bá kàn wo ojú ara wọn tí wọ́n dákẹ́, ẹ lọ wá ẹlòmíì.